Kúlà Wo Ni Kí N Rà? Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Kúlà Yìnyín fún Òde, Etíkun àti Ìrìn-àjò

Tí oṣù Kejìlá bá ti ń wọlé bọ̀, tí ìwé ìpè ìnáwó bẹ̀rẹ̀ sí í já lura, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin èèyàn mi máa ń fi ránṣẹ́: kúlà wo ni kí n rà? Ẹlòmíràn ti ra èyí tó wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ kí aago mẹ́ta ọ̀sán tó lù, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló kù nídìí ẹ̀, àlejò sì ń pariwo pé kí wọ́n bá òun wá èyí tó tutù. Mo ti ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbì kan.

Ẹ fi èyí sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀: kúlà kì í mú nǹkan tutù fúnra rẹ̀. Yìnyín ló ń mú ọtí tutù. Iṣẹ́ kúlà ni kó dí ooru ìta lọ́nà kí yìnyín má bàa tètè yọ́. Nítorí náà, ìdérí tó dé dáadáa àti yìnyín tó pọ̀ tó lẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu mi láti òkè délẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ sára kúlà, n kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí.

## Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí

1. Wákàtí mélòó ni ẹ fẹ́ kó fi tutù? Ìgbà tí yìnyín bá wọnú kúlà ni kí ẹ ti máa kà á, kì í ṣe ìgbà tí ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀. Òde tí wọ́n pè ní aago 12 ọ̀sán, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó lè di aago 2 kí ọtí tó jáde. Bí ẹ bá kó yìnyín sí i ní aago 8 àárọ̀ tí ẹ sì fẹ́ kí ọtí ṣì tutù ní aago 8 alẹ́, wákàtí 12 ni ẹ ń wá.
2. Èèyàn mélòó, kí ni wọ́n sì máa mu? Ẹ ka ìgò méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹ kò bá mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ kà á bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n.
3. Ta ló máa gbé e, ibo ló sì ń gbé e lọ? Kúlà tó ń lọ nínú búùtù ara yín yàtọ̀ sí èyí tó máa wọ dánfó, tàbí èyí tó máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay.
4. Ṣé ohun mímu nìkan ni, àbí oúnjẹ wà ńbẹ̀? Mínírà tó gbóná kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹran tútù tó gbóná, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn.

## Oríṣi tó wà lọ́jà, àti ẹni tó wúlò fún

Fóòmù funfun. Òun ni ẹ ń rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń dí ooru ju bí ojú ṣe rò lọ. Ibi tó kù sí ni pé kì í lálòpẹ́: etí ìdérí rẹ̀ a máa jẹ, igun rẹ̀ a máa kán. Fún òde ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ tì í bọnú páálí tó bá a mu, ẹ fi téèpù lẹ ìdérí rẹ̀ yíká, yóò gbé yín dé alẹ́. Ìkìlọ̀ kan: ẹ má gbé e sí búùtù kan náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò jẹnẹrétọ̀. Bí bẹntiróò bá ta sí fóòmù yìí lára, ńṣe ló máa jẹ ẹ́ tán lójú yín.

Àpò kúlà. Èyí ni à ń gbé kọ́ èjìká tàbí pọ̀n sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju lítà 10 sí 20 lọ, ìdajì ọjọ́ ló sì dára fún. Bí ẹ bá ń lọ wo omi tó ń já bọ́ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tàbí ẹ fẹ́ gun òkè Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, èyí ni kí ẹ gbé. Kúlà ńlá á dúró dè yín nínú mọ́tò. Ẹ wo ojú rírán inú rẹ̀ kí ẹ tó rà á: èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán, omi máa ń gba ojú abẹ́rẹ́ jáde; èyí tí wọ́n fi ooru lẹ̀ pọ̀ ló ń mú omi dúró.

Kúlà oníke líle. Èyí ni ọ̀pọ̀ yín nílò. Ike ni lóde, ike ni nínú, fóòmù wà láàárín. Bó bá jẹ́ ojúlówó, tí ẹ sì kó yìnyín tó péye sí i, ó lè gbà láti àárọ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó dára àti èyí tí kò dára jọra lójú bí ìbejì, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìlànà àyẹ̀wò sí ìsàlẹ̀.

Kúlà alára nípọn. Irú èyí tí YETI, ilé iṣẹ́ kúlà Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ara rẹ̀ lè nípọn tó sẹ̀ntímítà 5, ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà bíi ti fíríjì, yìnyín sì lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ òfìfo rẹ̀ nìkan ti wúwo, ara nípọn náà sì ń jẹ àyè inú rẹ̀. Kí n sọ tèmi: fún ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí tàbí ìrìn etíkun, ó pọ̀ jù. Ẹni tó ń tajà, ẹni tó ń sùn lórí omi nítorí ẹja pípa, tàbí ẹni tí iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, òun ni owó yìí kò ní dùn.

Kúlà oníná inú mọ́tò. Oríṣi méjì ni, àwọn èèyàn sì máa ń kó wọn pọ̀. Èyí tó pọ́ọ́kú kò ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú fíríjì tutù. Kò lè ju digirí 15 sí 20 lọ nísàlẹ̀ ooru ibi tó wà. Bí inú mọ́tò bá ti gbóná dé digirí 35, ohun tí ẹ ó rí nínú rẹ̀ jẹ́ digirí 15 sókè. Èyíinì kì í ṣe ọtí tútù. Ó tún lè mu bátìrì mọ́tò yín gbẹ bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Èyí tó ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ jẹ́ fíríjì kékeré gan-an, ó lè sọ omi di yìnyín, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni wọ́n ń dá lé e.

## Báwo ni kó ṣe tóbi tó?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á ra èyí tó tóbi jù, wọ́n á kó ọtí díẹ̀ àti yìnyín díẹ̀ sí i, ìdajì inú rẹ̀ á wá jẹ́ afẹ́fẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ni afẹ́fẹ́ tútù yẹn ń jáde tí ti gbígbóná ń rọ́pò rẹ̀, yìnyín yín ni yóò sì san gbèsè náà.

Ìṣírò tí mo ń lò rọrùn: lítà ohun mímu kan gba àyè lítà 2 àtààbọ̀ nínú kúlà, yìnyín àti àlàfo àárín ìgò wà nínú rẹ̀.

- Ẹbí ẹlẹ́ni 6 tó ń lọ sí etíkun, ìgò 50cl mẹ́ta mẹ́ta: ìgò 18, lítà 9. Kúlà lítà 22 sí 25 ti tó.
- Èèyàn 50 níbi ọjọ́ ìbí, ìgò méjì méjì: ìgò 100, lítà 50. Lítà 125 nìyẹn, ẹ pín in sí kúlà méjì.
- Èèyàn tó lé ní 150: ẹ má ra kúlà rárá. Ẹ fò lọ sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa yíyá nǹkan.

Ẹ má fi kúlà kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì nítorí pé ó wọ́n díẹ̀ láti ra méjì. Kúlà lítà 60 tó kún fún ọtí àti yìnyín ń lọ sí kílò 50, àpò símẹ́ǹtì kan gbáko. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn kúrò ní búùtù wọ àárín kánópì? Kúlà méjì tún jẹ́ kí ẹ lè máa ṣí ọ̀kan kí èkejì sì wà ní dídé títí ọwọ́ á fi kàn án.

Bí ẹ bá ń ra tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí "QT" (kúọ́ọ̀tì, ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà) lára rẹ̀ dípò lítà. Ó kéré sí lítà díẹ̀: 48 QT jẹ́ nǹkan bíi lítà 45. Ẹ má jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù sọ fún yín pé galọ́ọ̀nù ni.

## Ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò ní ṣọ́ọ̀bù

Ohun tí ẹ máa mú dání: fóònù yín, owó náírà bébà kan, àti ìgò omi lítà 1.5 kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú.

1. Ẹ kan ìdérí. Ẹ fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ kúlà, kí ẹ wá kan ìdérí rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ bá dún kìì, tí ìdérí sì dún gbọ̀ngbọ̀n bí agolo òfìfo, fóòmù kò sí nínú ìdérí náà. Èyí ni ọgbọ́n tí àwọn tó ń ṣe kúlà olówó pọ́ọ́kú fi ń dín owó kù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí ìdérí gan-an ni oòrùn ń pa. Bí ìdérí bá ṣófo, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè tún un ṣe.

2. Ẹ fi náírà dán etí rẹ̀ wò. Ẹ gbé owó bébà náà lé etí kúlà kí ìdajì rẹ̀ wà níta, ẹ dé e, kí ẹ wá fà á. Ó yẹ kó le díẹ̀ kó tó jáde. Bó bá yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ooru náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá lápá ibi tí ìdérí ti so mọ́ ara kúlà. Ibẹ̀ ni ó máa ń là jù.

3. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú rẹ̀. Ẹ tan án, ẹ gbé e sínú, ẹ dé e, kí ẹ gbé kúlà náà sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni òtútù yóò ti máa jáde.

4. Ẹ gbé ìgò lítà 1.5 dúró nínú rẹ̀. Ẹ dé e. Ọ̀pọ̀ kúlà tó fẹ̀ lójú ni ìdérí rẹ̀ kò lè dé lórí ìgò ńlá. Bí gbogbo ìgò yín bá ní láti dùbúlẹ̀, ẹ ti pàdánù àyè púpọ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó bá sì ń yí gbirigbiri lójú ọ̀nà, ẹni tó bá ṣí i ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

5. Ẹ gbé e pẹ̀lú ẹrù. Òfìfo kúlà kì í ṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n bá yín kó ìgò omi mélòó kan sí i, ẹ gbé e sókè, kí ẹ wá tẹjú mọ́ ibi tí ọwọ́ kúlà ti so mọ́ ara rẹ̀. Bí ike ibẹ̀ bá ń funfun bí ẹ ṣe ń gbé e, ó ń fà ya nìyẹn. Okùn tó ní ike róbótó láàárín ń pẹ́ ju ọwọ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

6. Ẹ wo ihò omi. Ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó má sì ga ju ilẹ̀ inú rẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa dojú kúlà dé ní gbogbo ìgbà. Ohun tí wọ́n fi ń dí i gbọ́dọ̀ ní rọ́bà, kó sì so mọ́ kúlà. Èyí tí kò so, ọjọ́ kejì ni yóò ti sọnù.

7. Ẹ wo táyà, bó bá ní. Táyà kéékèèké dára lórí ilẹ̀ símẹ́ǹtì àti títì ọlọ́dà. Lórí yanrìn etíkun Elégúṣì, ńṣe ni yóò rì, ẹ ó sì máa wọ́ ọ bí ẹni wọ́ òkú ẹran. Ẹni tó ń lọ sí etíkun lemọ́lemọ́, kó wá èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tàbí kó ra èyí tó lọ́wọ́ méjì tí èèyàn méjì á jọ gbé.

8. Ẹ gbọ́ òórùn inú rẹ̀. Òórùn ike tuntun ń lọ bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Òórùn ẹja tàbí kẹ́míkà tó ti wọ ara tókunbọ̀, ó ṣòro kó tó kúrò.

Fún tókunbọ̀, ẹ fi kan kún un: ẹ gbé e, ẹ mì í. Bí ẹ bá gbọ́ omi tó ń dún láàárín ògiri rẹ̀, tàbí ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ, omi ti wọnú fóòmù. Fóòmù tó ti mumi kì í dí ooru mọ́.

Nípa ọ̀rọ̀ "ọjọ́ 5" tí wọ́n ń kọ sára páálí: kúlà tó kún fọ́fọ́ fún yìnyín, tí wọn kò ṣí títí, ni wọ́n sábà fi ń wọn ìyẹn. Ní òde tí ọmọdé ń ṣí i ní ìṣẹ́jú méjì méjì, ẹ gbàgbé rẹ̀.

## Yìnyín mélòó, báwo sì ni a ṣe ń tò ó?

Kílò yìnyín kan, bó bá yọ́ tán, lè mú nǹkan bíi lítà 3 ohun mímu láti digirí 30, ìyẹn bó ṣe máa ń wà nínú ilé wa, wá sí digirí 4. Ìyẹn kàn jẹ́ láti mú un tutù ni o. Láti jẹ́ kó ṣì tutù títí alẹ́, ẹ fi iye kan náà kún un. Fún lítà 25, ẹ nílò kílò 8 láti mú un tutù, àti kílò 8 tàbí 9 míì láti dì í mú: kílò 17. Bí ọtí bá ti sùn nínú fíríjì mọ́jú, ìdajì yìnyín yẹn ti tó. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé ibi tí owó yìnyín ti ń dín kù ni fíríjì ilé.

Yìnyín tó pọ́ọ́kú jù tí mo mọ̀ ni píọ́ wọ́tà. Ọ̀rá 20 ló wà nínú àpò kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 50cl, nítorí náà àpò kan tó dì tán jẹ́ kílò 10 yìnyín. Kò ní da omi sínú kúlà, bó bá sì yọ́, ẹ mu ún. Ẹ tẹ́ wọn pẹlẹbẹ sínú fírísà kí ẹ má tò wọ́n lé ara wọn gègèrè, torí àárín kì í dì bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí iná ṣe ń ṣe.

Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí:

1. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé kúlà wọlé kúrò nínú mọ́tò, kí ẹ ju ọ̀rá yìnyín méjì mẹ́ta sí i kí ó sùn tutù. Kúlà tó gbóná máa ń jẹ yìnyín yín kí ọtí tó jẹ.
2. Ní àárọ̀, ẹ to áìsì bílọ́ọ̀kì tàbí píọ́ wọ́tà dídì sí ìsàlẹ̀. Yìnyín ńlá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀.
3. Ẹ to ìgò lé e. Èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ mu wà lókè.
4. Ẹ da yìnyín fífọ́ sí àárín àwọn ìgò títí àlàfo á fi tán, kí ẹ sì fi díẹ̀ bo orí.
5. Bí àyè bá ṣì kù lókè, ẹ ká aṣọ ìnura tó mọ́ lé e. Afẹ́fẹ́ ni ẹ ń lé jáde.
6. Ẹ dé e, ẹ má sì ṣí i mọ́ títí ẹ ó fi débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọtí gbígbóná débẹ̀, tí àlejò sì ti jókòó, ọ̀nà wà: ẹ da omi sórí yìnyín kó bo ìgò mọ́lẹ̀, kí ẹ fọ́n ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ mélòó kan sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Omi yìnyín máa ń fa ooru kúrò lára ìgò kíákíá ju yìnyín tí kò sí omi láàárín rẹ̀ lọ, iyọ̀ sì ń mú kó tutù ré kọjá odo. Àmọ́ yìnyín yóò tètè tán. Kúlà kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é sí, ẹ má ṣe é sí gbogbo rẹ̀.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: áìsì bílọ́ọ̀kì tí ẹ rà lójú ọ̀nà kò gbọ́dọ̀ wọnú ife. Ẹ kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é, ẹ sì ti rí ilẹ̀ tí wọ́n wọ́ ọ lórí rẹ̀. Yìnyín tí ẹ máa bù sínú ife, ẹ fi omi tó mọ́ ṣe é nílé, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ṣíbí bù ú. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ nu ẹnu ìgò àti agolo tó jáde láti inú omi kúlà kí ẹnikẹ́ni tó gbé e sẹ́nu.

## Bí oúnjẹ bá wà nínú rẹ̀

Ẹran tútù, ẹja, ẹyin, sáláàdì oní-máyónéèsì àti yọ́gọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wà ní digirí 4 tàbí kó kéré sí i. Bí wọ́n bá bọ́ sínú ooru, wákàtí 2 ni ààlà. Bí ooru ọjọ́ náà bá ju digirí 32 lọ, wákàtí 1 péré ni. Ẹ ra tẹmọ́mítà fíríjì kékeré kan, kò wọ́n, kí ẹ sì jù ú sínú.

Kúlà ẹran gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí kúlà ọtí. Ẹ di ẹran sínú ọ̀rá méjì, ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ kí omi ẹ̀jẹ̀ má kán sórí ohun tí wọn kò ní sè mọ́. Nínú kúlà ẹran, ẹ máa tú omi dànù bó ṣe ń yọ́. Nínú kúlà ọtí, ẹ fi omi náà sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí yìnyín bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ó ṣì tutù, ó sì ń ṣiṣẹ́.

## "Ṣé n kò lè lo kúlà ìrẹsì?"

Ẹ lè lò ó. Ohun tó dí ooru mọ́ inú lè dí i mọ́ ìta, kò mọ èyí tó ń ṣe. Wàhálà rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kò ní ihò omi, òórùn ata àti epo sì ti wọ ara rẹ̀, mínírà tí wọ́n ṣí nítòsí rẹ̀ á máa rùn jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ má fi kúlà kan ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà: ike tí ìrẹsì ti mú gbóná pẹ́ kó tó tutù, yìnyín yín ló máa fi ṣòfò.

## Ọ̀nà míì tí ẹ kò fi ní ra kúlà

- Ẹ yá a. Àwọn tó ń yá àga àti kánópì sábà máa ń ní kúlà ńlá. Ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ ṣáájú, ẹ kan ìdérí rẹ̀, ẹ wo ihò omi, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n má bàa ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ.
- Ara fírísà àtijọ́. Àwọn tó ń ta ọtí mọ èyí dáadáa. Fírísà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti kú ṣì ní fóòmù gidi lára àti rọ́bà ní ìdérí. Bí ẹ bá ní àyè, kò sí kúlà tó máa bá a du owó. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ má sì fi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré: ọmọ tó bá wọ inú rẹ̀ tó sì dé mọ́ ọn kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Kúlà ńlá tó ní ìkọ́ níta náà léwu bẹ́ẹ̀.
- Bàsíà tàbí dírọ́ọ̀mù. Ó tó fún òde wákàtí méjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n yìnyín púpọ̀ ló ń jẹ. Ẹ fi àpò ìdọ̀họ tàbí aṣọ tó nípọn bò ó, kí ẹ sì gbé igi sábẹ́ rẹ̀ kó má bá ilẹ̀ gbígbóná pàdé.

## Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí ní òde

- Gbígbé kúlà sí ojú oòrùn torí pé ibẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ẹ wá ibòji, ẹ sì yí i padà bí òjìji bá ṣe ń yí.
- Fífi gbogbo èèyàn sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣí i fúnra wọn. Ẹ yan ẹnì kan tó lójú, tí kò sì ń tijú láti sọ fún bùọ̀dá pé kó dúró.
- Ríra kúlà dúdú tàbí aláwọ̀ pupa rokoṣo nítorí ẹgbẹ́jọdá. Funfun àti àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kì í gba oòrùn mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.
- Ríra yìnyín ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Gbogbo ìlú ló ń wá a lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sanwó sílẹ̀ tàbí kí ẹ ti ṣe é sílé.

## Kí mọ́tò tó gbéra, ẹ máa fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn

- [ ] Ohun tí a fi dí ihò omi ti le dáadáa
- [ ] Kúlà ẹran yàtọ̀ sí ti ọtí
- [ ] Yìnyín inú ife wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, ṣíbí wà níbẹ̀
- [ ] Ọ̀ṣíṣí ìgò (òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù)
- [ ] Aṣọ ìnura méjì: ọ̀kan fún orí yìnyín, ọ̀kan fún ẹnu ìgò
- [ ] Okùn tó di kúlà mú nínú búùtù
- [ ] Ọ̀rá ńlá fún ìgò òfìfo

## Nígbà tí ẹ bá padà délé

Ẹ tú omi rẹ̀ dànù lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má lo omi híhó torí ó lè lọ́ ike inú rẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ ni kí ẹ lò. Irin ìfọkòkò á ha á, ojú tó bá sì ti ha ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí. Bí òórùn bá ṣì wà, ẹ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì mọ́ omi díẹ̀, ẹ fi pa inú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ fa rọ́bà etí ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ nu abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni èbu dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbẹ tán, ẹ gbé e pamọ́ síbi tí oòrùn kò ti ní máa pa á, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ kan há ìdérí rẹ̀ kó má dé pátápátá.